Ẹ Sún Mọ́ Ọn, Kẹ́ Ẹ Wò Ó Dáadáa: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìbẹ̀rù fún Àwọn Ọmọ Tó Ń Gba Fírídọ́ọ̀mù

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyí níbi tí àwa aránṣọ àdúgbò wa ní Ìbàdàn ti ń ṣe fírídọ́ọ̀mù fáwọn ọmọ iṣẹ́. Àwọn tí ò ráàyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo ṣe kọ ọ́.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣeyẹ, Ọlọ́run á jẹ́ ká máa rí báyìí ṣe. Mo kí alága wa, mo kí ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fẹsẹ̀ wa máṣíìnì kí wọ́n tó bí èmi. Mo kí ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ pa iṣẹ́ òòjọ́ yín tì kẹ́ ẹ lè wá síbí. Ẹ̀yin ọmọ tuntun wa náà ńkọ́, ẹ̀yin lẹ jẹ́ ká wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá lónìí, ẹ kú oríire o, iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ́ á gbè yín.

Wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Mo bi alága pé lórí kí ni, wọ́n ní ohun tó bá ti wà lọ́kàn mi ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìbẹ̀rù. Kí ló dé? Torí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, mo ti rí ọmọ tọ́wọ́ ẹ̀ dán ju tọ̀gá ẹ̀ lọ, tó ṣe fírídọ́ọ̀mù, tó gba sátífíkéètì, tó gbé máṣíìnì relé, tí máṣíìnì ọ̀hún sì di ohun tí wọ́n ń kó abọ́ lé lórí ní pálọ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ wà nílé àwọn kan tó jókòó síbí. Tá a bá bi wọ́n, wọ́n á ní owó ṣọ́ọ̀bù ni, wọ́n á ní iná ò sí. Mi ò ní parọ́, owó ṣọ́ọ̀bù wọ́n, iná náà ò sí. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tí wọ́n sanwó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan gbáko fún tí kò ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ ti rí ọ̀rá dúdú tó wà lórí tábìlì yìí. Ẹ má tíì wò ó. A máa padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Mo wà lọ́dún kẹta lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn. Àǹtí la máa ń pe ọ̀gá wa. Lọ́jọ́ kan wọ́n tẹ́ léèsì kan sórí tábìlì, funfun báláú, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán wà lára ẹ̀, ti ìyá ìyàwó ni, ìgbéyàwó sì ku ọjọ́ 4. Wọ́n ní, "Ó yá, ge bùbá yẹn," wọ́n bá jáde lọ. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ. Léèsì ò dà bí ańkárá. Tó o bá ba ańkárá jẹ́, wàá sáré lọ sọ́jà lọ wá ìkejì ẹ̀, wàá yá owó, wàá bo àṣírí ara ẹ. Tó bá jẹ́ léèsì tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ti pín, tí ẹni tó tà á ti tà á tán, níbo lo fẹ́ wá a dé? Mo mú àlùmọ́gàjí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé irin méjèèjì ń lu ara wọn, mo ń gbọ́ ọ ní kẹ́kẹ́kẹ́ bí eyín ẹni tí òtútù mú. Ẹnu mi gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ mi tutù, ó sì tún ń làágùn, mo ń fi ìdí ìró mi nù ún kí òógùn má bàa kan aṣọ funfun. Báyẹn ni mo dúró títí Àǹtí fi padà wọlé. Mi ò tíì gé nǹkan kan.

Àwọn tó mọ̀ nípa ara èèyàn jẹ́ kó yé wa pé tí ẹ̀rù bá dé, nǹkan kan wà tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, adrenaline lorúkọ ẹ̀, òun ló ń mú kí àyà máa lù kìkì, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀, ẹnu á gbẹ, ọwọ́ á máa làágùn. Ara ń múra ni, bóyá kó jà, bóyá kó sá. Nǹkan gidi ni Ọlọ́run fi síbẹ̀, tó bá jẹ́ paramọ́lẹ̀ lo bá pàdé lọ́nà oko wàá mọ ìwúlò ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ara ò mọ ìyàtọ̀ láàárín paramọ́lẹ̀ àti léèsì yáàdì 5. Bó ṣe ń ṣe fún ejò náà ló ń ṣe fún aṣọ, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe tí wọ́n bá ní kó o wá sọ̀rọ̀ níwájú èrò, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe tó o bá fẹ́ sọ iye tó yẹ kí kọ́sítọ́mà san gan-an. Nítorí náà ìwọ tí ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n, kì í ṣe pé o lójo, kì í ṣe pé orí ẹ ò gbé e. Ara ẹ ń ṣiṣẹ́ ni.

Kí ni Àǹtí wá ṣe? Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n gbé ṣọ́ọ̀kì fún mi, wọ́n ní, "Fi èyí fà á." Mo ní ẹ̀rù ń bà mí, Mà. Wọ́n ní, "Ṣé ṣọ́ọ̀kì ń pa èèyàn ni?" Mo bá fà á. Wọ́n ní kí n tún fi tépù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, mo wọ̀n ọ́n, ó pé. Wọ́n wá ní kí n gé íńṣì kan péré, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, níbi tá a fi sílẹ̀ fún ìránpọ̀, pé tó bá tiẹ̀ wọ́, máṣíìnì á jẹ ẹ́. Mo gé íńṣì kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, íńṣì kìíní yẹn ló le. Nígbà tí mo máa dé abẹ́ apá, àlùmọ́gàjí ti ń dún bó ṣe yẹ kó dún.

Ẹ kíyè sí i o. Àǹtí ò sọ fún mi pé kí ẹ̀rù má bà mí. Wọn ò ní kí n jókòó títí ẹ̀rù fi máa lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù wà lára mi nígbà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà á, ó wà lára mi nígbà tí mo gé íńṣì kìíní, ẹnu iṣẹ́ ló ti kúrò lára mi. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ṣìnà nìyẹn. À ń dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rù ò ní bà wá mọ́ ká tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ká tó lọ síléèwé, ká tó sọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Ọjọ́ yẹn ò sí nínú kàlẹ́ńdà.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tèmi parí sí o. Lẹ́yìn tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ara mi, mo ba léèsì kan jẹ́. Apá ọ̀tún méjì ni mo gé. Apá òsì ò sí. Ẹ̀yin ọ̀gá ẹ ti mọ̀, nígbà tí mo rí i pé apá méjèèjì ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n kọjú sí, ṣe ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo san owó aṣọ yẹn díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, obìnrin náà sì sọ fún gbogbo ẹni tó yẹ kó sọ fún, mi ò dá a lẹ́bi. Láti ọjọ́ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 2, mi ò gba léèsì mọ́. Tí kọ́sítọ́mà bá gbé e wá, màá ní iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, màá júwe ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì fún un. Ańkárá ni mò ń rán, àti yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ekòló ni mò ń sá fún yẹn o, torí aṣọ mélòó ni mo ti gé dáadáa kí n tó gé ẹyọ kan yẹn kù?

Nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn bá mi lọ nìyí. Gbogbo ìgbà tí mo bá dá léèsì padà, tí kọ́sítọ́mà bá ti yíjú, ara mi á balẹ̀ wẹ́lo. Ṣé ẹ mọ ìbàlẹ̀ ara yẹn? Ó dùn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ lórí èèyàn. Ìbàlẹ̀ ara yẹn gan-an ni oúnjẹ tí ìbẹ̀rù ń jẹ. Bí mo bá ṣe ń sá fún un tó ni ara ń tù mí tó, bí ara bá ṣe ń tù mí tó ni léèsì ń le lójú mi sí i, nígbà tó yá, tí n bá kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Gbági, màá gbójú sápá kejì. Ìbẹ̀rù kì í dúró sójú kan. Tó o bá sá fún un lónìí, á ti tóbi sí i lọ́la.

Ọ̀rọ̀ kejì. Ẹ ò ní bínú, mo fẹ́ mú yín lọ sáyé àtijọ́ díẹ̀.

Gbogbo wa la mọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, àbí? Ẹni tí Bíbélì Yorùbá tipasẹ̀ ẹ̀ dé ọwọ́ wa. Ọmọ Oṣoògùn ni, apá Ìsẹ́yìn lọ́hùn-ún. Lọ́dún 1821 ogun wọ ìlú wọn, wọ́n kó o lẹ́rú pẹ̀lú ìyá ẹ̀ àti àwọn àbúrò ẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, nígbà tó yá wọ́n fi gba ọtí àti tábà. Nígbà tó dé etí omi, tí wọ́n fẹ́ kó o kọjá sí Èkó, ẹ̀rù omi bà á débi pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e, gbígbé ni wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Ọmọ tí ò rí irú omi yẹn rí! Ta ni ò ní bẹ̀rù?

Àwọn Potogí wá rà á, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ẹrú pẹ̀lú àwọn yòókù. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé ọkọ̀ ẹrú yẹn bá, wọ́n mú un, wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ọmọdé kan wá sínú ọkọ̀ tiwọn. Ìgbàlà ló dé yẹn o, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀. Òyìnbó mìíràn ni wọ́n rí. Bí wọ́n ṣe gòkè wọ ọkọ̀, kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí ẹran tí wọ́n so kọ́, awọ ẹ̀ funfun. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n rí àwọn nǹkan roboto dúdú tí wọ́n tò jọ. Ọkàn wọn ní, ó parí, wọ́n ti pa àwọn ẹgbẹ́ wa, ẹran ara wọn ló wà lókè yẹn, orí wọn ló wà nílẹ̀ yìí.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ tí wọ́n ti tà bíi mélòó kan, tí ò mọ ibi tí ìyá ẹ̀ wà, ó wá rí orí èèyàn nílẹ̀. Kí ló máa ṣe?

Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà lọ́dún 1837, ìyẹn la fi mọ̀. Wọ́n wo ẹran yẹn dáadáa, wọ́n rí pátákò ẹ̀ tó là sí méjì. Pátákò ẹlẹ́dẹ̀! Ìdí tí wọn ò fi dá a mọ̀ ni pé nílé wa, iná la fi ń wi irun ẹlẹ́dẹ̀, awọ ẹ̀ kì í funfun bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá rọra sún mọ́ àwọn nǹkan roboto yẹn, wọ́n rí i pé irin ni, ọta ìbọn ńlá tí wọ́n ń yìn lójú ogun.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ ká rò ó. Kí ló yí padà? Ẹran yẹn ò yí padà. Irin yẹn ò yí padà. Àwọn ọmọ yẹn ò di akọni láàárín ìṣẹ́jú kan. Ibi tí wọ́n dúró sí ló yí padà. Nígbà tí wọ́n dúró lókèèrè, orí èèyàn ni. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, irin ni. Mo sì fẹ́ràn bí Àjàyí ṣe kọ ọ́, kò ní àwọn sáré lọ dì mọ́ ọn, ó ní pẹ̀lú ìṣọ́ra làwọn fi sún mọ́ ọn. Torí ọmọ yẹn ní ìdí láti bẹ̀rù, kì í ṣe òmùgọ̀, ohun tí ojú ẹ̀ ti rí pọ̀.

A máa ń pa á lówe pé igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òwe gidi ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ní ká wò ó lókèèrè, wọ́n ní ká wò ó kó má gùn wá lójú bá a ṣe ń lọ ni, wọn ò ní ká jókòó sókèèrè ká máa wò ó títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ọ̀pọ̀ wa ti sọ òwe yẹn di ilé tí à ń gbé.

Ẹ jẹ́ n parí ti Àjàyí. Wọ́n gbé e dé Freetown, ní ilẹ̀ Sierra Leone, ó kọ́ ìwé níbẹ̀. Lọ́dún 1841, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá ẹni tó máa bá wọn wọkọ̀ lọ sórí Odò Ọya, ta ló bá wọn lọ? Àjàyí, ọmọ tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ torí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e! Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú ìrìn àjò yẹn. Ó tún padà lọ sórí omi kan náà lọ́dún 1854, ó tún lọ lọ́dún 1857. Láàárín gbogbo ẹ̀ ló bá dé Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ló ti rí ìyá ẹ̀ lọ́dún 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Ọdún 1864 ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Mi ò mọ iye ìgbà tí ẹ̀rù omi ṣì ń bà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ń wọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀, torí òun ló ń pa wá jù níbí.

Ìbẹ̀rù kan wà tí kì í jẹ́ orúkọ ẹ̀. Ìtìjú ló máa ń pe ara ẹ̀. Á ní, "Kí layé máa wí?" Ẹ bi ara yín, kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an, ṣé pé ẹ máa ṣubú ni, àbí pé ẹnìkan máa rí yín níbi tẹ́ ẹ ti ṣubú? Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Kí àgbà lè mọ ohun tó gbé e ṣubú ni wọ́n fi pa òwe yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí wa, ọ̀pọ̀ wa tó ń wẹ̀yìn, ẹni tó rí wa là ń wá, a ò wá òkúta tó gbé wa ṣubú.

Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ló ń tà. Ó gbà mí láyè kí n sọ ọ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Kò kàwé rí. Gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́, ó máa ń fi èédú fa ìlà sára ògiri, ìlà gígùn fún ẹgbẹ̀rún kan, ìlà kúkúrú fún ọgọ́rùn-ún, ọpọlọ ẹ̀ pé gan-an, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ìṣirò. Ìgbà tí ayé wá di ti tránsífà ni wàhálà dé. Àwọn ọmọkùnrin kan á wá, wọ́n á ní àwọn ti fi owó ránṣẹ́, wọ́n á na fóònù sí i lójú, á rí nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀, á gbé ọjà fún wọn, owó ò ní wọlé. Ó ṣẹlẹ̀ léraléra.

Ẹ̀kọ́ àgbà wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn títì, nírọ̀lẹ́, kò jìnnà. Oṣù 3 ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Á ní ta ló máa dúró ti ọjà. Lọ́jọ́ kan omi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní, "Ìyá Bùkọ́lá, ọmọkùnrin tó ń kọ́ wọn yẹn, èmi àti ìyá ẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá wọn wẹ̀ ẹ́ lọ́mọ ọwọ́. Ṣé òun ló máa wá di ọwọ́ mi mú pé kí n kọ A?" Ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe ìwé ló ń bà á lẹ́rù.

A ò bú u. A ò sì ní kó lọ jókòó níwájú lọ́jọ́ kan náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ńṣe la kàn rìn gba ẹ̀yìn iléèwé yẹn kọjá, a ò wọlé, a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka á-bí-dí, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì a wọlé lọ kí tíṣà, a jáde. Ọmọ yẹn, Ọlọ́run á bù kún un, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójú gbogbo kíláàsì, ó ní "Ẹ káàbọ̀, Mà," kò sọ nǹkan míì. Ní ìgbà kẹta ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi gèlè bo iwájú orí. Ó di pẹ́ńsù mú bí ọmọ odó, orí pẹ́ńsù kán, wọ́n gbẹ́ ẹ, ó tún kán. Nígbà tó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó mú ẹ̀yìn páálí òwú wá fi hàn mí. Orúkọ ẹ̀ ló kọ síbẹ̀, lẹ́tà kan ga, ìkejì kúrú, ìkẹta dojú délẹ̀. Mo bá a gbé e kọ́ ògiri, ìtòsí ibi tó máa ń fa èédú sí.

Lónìí, tẹ́ ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sí i, á fa fóònù tiẹ̀ yọ, á fi ìka tọ́ ọ láti òsì lọ sí ọ̀tún, ẹnu ẹ̀ á máa mì. Ẹ máa dúró o. Tí kò bá rí i, kò gbé ọjà sílẹ̀.

Ǹjẹ́ ayé ò sọ̀rọ̀? Wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹnìkan ní ṣé ó fẹ́ di lọ́yà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, ó dùn ún fún bí ọjọ́ méjì, ó wá tán. Ẹni tó sọ ọ́ gan-an ti gbàgbé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan níbí ń sọ nínú ọkàn ẹ̀ pé, "Àwọn ayé tí ìwọ ń sọ yìí, ti ẹnu nìkan kọ́ o, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe é." Mo gbọ́. Èmi náà ń gbàdúrà, màmá mi kọ́ mi, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni kó má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, tó o bá ti gbàdúrà tán, ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ ọmọ kan tó ti gbààwẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ju bó ṣe gbá a lọ. Ìbẹ̀rù aráyé yìí ti di ibi tí à ń sá pamọ́ sí, torí tó bá jẹ́ pé aráyé ló dì wá mú, a ò ní láti gbìyànjú, kò sì sẹ́ni tó máa bi wá.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kàn yín báyìí o, ẹ fún mi láyè, ọmọ yín ni mí.

Ta ló ń gbin ẹ̀rù sínú àwọn ọmọ yìí? Nígbà tí ọmọ bá gé aṣọ kù, tá a bá mú rúlà igi, tá a bá là á mọ́ ọn lórí ìka, kí ló kọ́? Ṣé ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ? Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àṣìṣe pamọ́ ni. Lọ́jọ́ míì tó bá gé e kù, á ká a mọ́ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ìwọ lo máa wá rí i lọ́jọ́ tí kọ́sítọ́mà bá dé. Mo ti na ọmọ rí, mi ò purọ́, mo sì kábàámọ̀ ẹ̀, ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n títí tó fi kúrò lọ́dọ̀ mi, tí n bá ti dúró lẹ́yìn ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lè wa máṣíìnì geere mọ́. Ọwọ́ mi ló ti wá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ba aṣọ jẹ́ lójú yín, àwọn àgékù, àwọn aṣọ àlòkù, kí wọ́n bà á jẹ́ níbi tí kò ti ní ná wọn lówó. Ẹ̀yin òbí náà, ọmọ tẹ́ ẹ bá sọ fún lójoojúmọ́ pé "má dán an wò, wàá ṣubú," ẹ má retí pé kó dìde lọ́mọ ọdún 25 kó máa ṣe bí kìnnìún.

Ẹ̀rù tó dáa wà o, kẹ́nikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀rù tó ní kó o yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná kó o tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rù tó ní kó o má lọ yá owó èlé gọbọi torí pé o fẹ́ ra máṣíìnì aláràbarà, ẹ gbọ́ tiẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń dá wọn mọ̀ ni pé ẹ̀rù tó dáa máa ń sọ ohun tí kó o ṣe. Yọ áyọ́ọ̀nù. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èyí tí ò dáa ò ní nǹkan míì lẹ́nu ju pé, kúrò níbẹ̀, kúrò níbẹ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ bí èmi ṣe padà sídìí léèsì? Gbági ni mo lọ, mo ra àgékù, ìlàjì yáàdì, èyí tí ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo gé e bí ẹni gé bébà, mo gé e títí tí etí mi fi mọ bó ṣe ń dún. Mo wá rán kaba kékeré fún Bùkọ́lá, ọmọ ọdún 4 ni nígbà yẹn, kò mọ̀ bóyá ọrùn ẹ̀ wọ́. Ó wọ́ díẹ̀. Mo rán ti àbúrò mi, ẹni tó jẹ́ pé tí mo bá bà á jẹ́ a máa jà, a máa parí ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó gba ti kọ́sítọ́mà kan, bùbá nìkan, mo sọ fún un pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ 2. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ẹni tí ẹ̀rù nǹkan kan ń dà láàmú, ọ̀nà yìí náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, wọ́n á mú un sún mọ́ nǹkan yẹn ní ìwọ̀n tí ara ẹ̀ gbà, wọ́n á jẹ́ kó dúró síbẹ̀ títí àyà ẹ̀ fi máa rọlẹ̀, wọ́n á tún sún díẹ̀ sí i. Àǹtí ò lọ sí yunifásítì kankan, ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ inú ọkọ̀ yẹn náà mọ̀ ọ́n.

Ó yá, alága, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago, mo ti ń parí lọ.

Ọ̀rá tí mo ní kẹ́ ẹ má wò, ẹ lè wò ó báyìí. Léèsì ló wà níbẹ̀. Yáàdì 2, tuntun ni, owó mi ni mo fi rà á, kò sí kọ́sítọ́mà kankan tó ń retí ẹ̀. Mo máa tẹ́ ẹ sórí tábìlì yìí. Tépù nìyí. Ṣọ́ọ̀kì nìyí. Àlùmọ́gàjí nìyí, ó mú dáadáa, ẹ ṣọ́ra fún un. Bùbá ọmọ kékeré la fẹ́ gé. Ẹ̀yin ọmọ tuntun, ẹnikẹ́ni tí ò tíì gé léèsì rí láyé ẹ̀, kó na ọwọ́ sókè. Ẹ má wo ojú ara yín. Àwọn èèyàn pọ̀ níbí, mo mọ̀, ọ̀gá yín wà níbí, màmá yín wà níbí, ìdí ẹ̀ gan-an tí mo fi gbé e wá síbí nìyẹn.

Ọwọ́ kan. Ọwọ́ méjì. Mo rí yín lẹ́yìn lọ́hùn-ún náà.

Ìwọ tó o wà lẹ́bàá òpó yẹn, tó o ti na ọwọ́ tó o tún fà á sẹ́yìn, máa bọ̀, ọmọ mi. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un. Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n? Mo rí i, kò burú, jẹ́ kó máa gbọ̀n. Gba ṣọ́ọ̀kì.